Ẹni Tí Yóò Rán Mi Padà Sí Ilé Ìwé

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé obìnrin náà dé ilé ìgbẹ̀bí wa ní Akofodjoulè, abúlé kan lórí òkè Ìdàáṣà. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wà lẹ́yìn ọlọ́kadà tí àwa níhìn-ín ń pè ní zémì. Ìyá jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi apá méjèèjì gbá ọmọ rẹ̀ mú kí ó má baà jábọ́ lójú ọ̀nà olókùúta. Agbẹ̀bí tí ó jẹ́ ọ̀gá mi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti pè é sí ìpàdé ní Ìdàáṣà láti àárọ̀, ó sì ti sọ fún mi kí ó tó lọ pé bí aláboyún kan bá dé, kí n tètè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ilẹ̀, kí n se àwọn irinṣẹ́ nínú omi gbígbóná, kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí n nù ún. Mi ò kọ́ ju ìyẹn lọ.

Kò sí àyè láti gbé obìnrin yìí lọ síbì kankan. Orí ọmọ ti yọ kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán. Mo gba ọmọ náà, ó ké, inú mi sì dùn díẹ̀. Ibi ọmọ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, kò sì dúró.

Tẹlifóònù kì í mú nínú ilé ìgbẹ̀bí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe èèyàn ní láti gun orí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé. Mi ò sì lè fi obìnrin náà sílẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà ọ̀gá mi sílẹ̀, mo fi ibi tí yóò tẹ̀ bí ó bá dókè han ìyá rẹ̀, mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó sáré gun orí àpáta, ohun tí wọ́n bá sọ fún un, kí ó kígbe rẹ̀ sí mi gba ojú fèrèsé. Arúgbó ni. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun àpáta náà bí ọmọdé.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ará òkè wa. Fọ̀n ni ó ń sọ nílé, Faransé lẹ́nu iṣẹ́, èdè Ìdàáṣà tí ó gbọ́ kò sì ju èyí tí ó fi ń ra nǹkan lọ́jà. Èdè ọjà náà ni ó sọ fún màmá yìí, òun náà ni màmá ń jù wọlé sí mi. Ó ní wọ́n ní kí n fi ọwọ́ po ikùn rẹ̀ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, kí n má dáwọ́ dúró. Ó ní wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ amómitutù, ní apá òsì, kí n gún un fún un ní itan. Ó ní kí n jẹ́ kí ó tọ̀. Ó ní kí n gbé ọmọ sí i láyà kí ó mu ọmú. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń gbọ́ tí màmá ń sọ lórí àpáta pé, "Wọ́n ní ṣé o ti ṣe é? Wọ́n ní kí o dá wọn lóhùn."

Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù, lẹ́yìn náà ó dúró. Obìnrin náà la ojú, ó béèrè omi. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣì ń kígbe pé kí n máa pò ó, kí n máa pò ó, títí tí mo fi jáde lọ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé tí àwọn ọmọ gbé oúnjẹ síwájú mi, mi ò lè di ṣíbí mú.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú ara mi. Bí mo bá ti gbọ́ ìró zémì lójú ọ̀nà, màá yọjú wò ó bóyá obìnrin ni wọ́n gbé. Bí ó bá jẹ́ àpò iṣu ni, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń lá àlá pé èdè ti dàrú mọ́ màmá yẹn lẹ́nu, pé ó sọ òsì di ọ̀tún, pé mo gún abẹ́rẹ́ tí kò yẹ.

Ọ̀gá mi kò yìn mí. Ó wo ìwé tí mo kọ ohun gbogbo sí, ó ṣe àwọn àtúnṣe kan, ó wá ní kí n jókòó. Ó ku díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé mo ní bákì, ìwé ẹ̀rí tí àwa fi ń jáde ní kọ́léèjì. Mo ní òótọ́ ni. Mo ti gbà á nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, ọdún tí ó yẹ kí n wọ yunifásítì ni àìsàn dá bàbá mi dúbúlẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sì rí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yìí.

"Àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n ń rán wá sórí òkè níbí kì í pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé wọn kúrò," ni ó wí. "Ìwọ lo máa wà níbí. Bí mo bá lọ tán, ṣé orí àpáta ni wàá máa rán àwọn ìyá lọ títí?"

Mo ń ṣírò owó lọ́kàn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí wà ní Parakou, ó ń gba àwọn tí ó ní bákì láìwo ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé ni yóò san owó ara rẹ̀. Owó oṣù mi kò tó ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni ọkọ mi. Iṣu àti kajú ni ó ń gbìn sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lápá Kpingni. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un nígbà tí a ń kó ewé jọ sórí ebè.  Àbúrò rẹ̀ kan ti ta ìpín tirẹ̀ láti fi rin ìrìn-àjò, ilẹ̀ lọ, àbúrò náà kò sì rí ibi tí ó ń lọ dé. Ọkọ mi ní òun kò ní dí mi lọ́nà. Bí mo bá rí olùrànwọ́, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́. Mo ní n kò sọ pé kí a ta ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ kí n gbọ́ ọ láti ẹnu òun ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùrànwọ́. Ilé mẹ́rì, níbi tí ìjọba ìlú wa ń jókòó sí ní Ìdàáṣà, ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ gba ara Olúwa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà pẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tí ó mọ̀ mí yóò kọjá, yóò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó síbẹ̀ kí mi dáadáa, ó fa àga fún mi. Mo ní mo wá nípa búrúsì, owó tí ìjọba fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ọmọ yín dà? Òun fúnra rẹ̀ ni kó wá."

Mo ní èmi ni. Ó wo ojú mi, ó sì wo tábìlì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bákì ni búrúsì ìjọba wà fún, ọjọ́ orí sì wà nínú rẹ̀, tèmi ti kọjá. Ó ní kí n má bínú. Mo dúpẹ́, mo jáde, etí mi gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó dà bíi pé ó sọ òótọ́. Bóyá ọjọ́ mi ti kọjá lóòótọ́, tí èmi nìkan ni kò mọ̀.

Àlùfáà ìjọ Àgùdà wa gbọ́ mi dé òpin. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nítorí mi. Ìdáhùn pẹ́, nígbà tí ó sì dé, wọ́n ní ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ti fi ran àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Kí ni mo lè sọ sí ìyẹn? Ó gbàdúrà fún mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn ilé ìwé sì ti fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọdún tuntun.

Àsìkò náà ni ìròyìn kan wọlé sórí fóònù mi, nínú ẹgbẹ́ tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìrànwọ́ wà fún àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ padà sí ilé ìwé. Mo pe nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí ó gbé e ń sọ Faransé tí ó dán bíi dígí. Ó pè mí ní madáàmù. Ó ní irú mi gan-an ni àwọn ń wá. Kò sí ẹni tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tí mo ti ń wá olùrànwọ́. Ó ní kí n pàdé òun ní Glazoué lọ́jọ́ ọjà, kí n mú ìwé ẹ̀rí bákì mi dání, kì í ṣe ẹ̀dà, èyí gan-an tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo ní mò ń lọ sí ọjà.

Ilé tí ó júwe fún mi wà lẹ́yìn ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já iṣu sílẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan ti wà níbẹ̀ lórí àga. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn lójú: Mùsùlùmí kan ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ àti àtíkè ní ọjà Ìdàáṣà. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un lọ́kọ, ó ń fẹ́ padà lọ kọ́ ìṣírò owó. Àwa méjèèjì tijú ara wa díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a jọ jókòó.

Ọkùnrin náà gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo wa, ó kó wọn wọ yàrá inú. Mo gbọ́ tí alùpùpù ṣí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ó padà wá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò ṣòkòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. Ó ní owó kan wà fún ṣíṣí fáìlì tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kí orúkọ wa tó lè dé Kútọnù. Títí a ó fi san án, ọ̀dọ̀ òun ni àwọn ìwé wa yóò wà. Ó ní kò sí ìkánjú, òun ní gbogbo ọjọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ irú ẹ̀rù tí ó bà mí. Ẹ̀rù ilé ìgbẹ̀bí yàtọ̀. Níbẹ̀, ohun kan wà tí ọwọ́ mi ń ṣe. Níhìn-ín, mo kàn jókòó, ọwọ́ mi wà lórí itan, mo sì ń ronú pé ìwé tí bàbá mi rí kí ó tó kú, tí ó ní kí wọ́n gbé sún mọ́ ojú òun kí òun wò ó, mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé e fún olè. Ọkọ mi rò pé ọjà ni mo wà. Bí nǹkan bá ṣe mí nínú ilé yìí, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí yóò ti wá mi. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìgbé ohùn sókè. 

Oníṣọ́ọ̀bù náà rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Má wo ojú ẹ̀. Má sọ pé o ní owó, má sì sọ pé o ò ní."

Ó dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ ṣánṣán sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tí ọkùnrin náà tì. Ó yọ fóònù, ó gbé e sétí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kò kánjú, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní ilé aláwọ̀ ewé ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń já iṣu. Ó ní igi máńgòrò kan wà níwájú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó júwe ojú ọkùnrin náà, ẹ̀wù rẹ̀, àpá tí ó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bá ọkùnrin náà jà bí wọ́n bá dé, kí wọ́n ṣáà pọ̀ wá.

Ọkùnrin yẹn gbọ́ Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni gbogbo èyí, ó ní eré ni òun ń bá wa ṣe. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wọ yàrá, ó kó àwọn ìwé jáde, ó jù wọ́n sórí àga, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn obìnrin yòókù wá tiwọn, wọ́n rí i. Tèmi kò sí níbẹ̀.

A jáde. Mo ní kí oníṣọ́ọ̀bù náà bá mi bẹ ọkọ rẹ̀ kí wọ́n yára, bóyá wọn á bá ọkùnrin náà lọ́nà. Ó na fóònù náà sí mi. Dúdú ni ojú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti àárọ̀, obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rárá. Ó fara ti ògiri, ó wọ bàtà rẹ̀.

Òun ni ó ronú kan alùpùpù tí a gbọ́. Ó ní bóyá wọ́n ti gbé ìwé mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé. A wọ inú ọjà. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Glazoué ní ìgbà iṣu tuntun yóò mọ ohun tí mò ń sọ: òkìtì iṣu níbi gbogbo, kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn obìnrin tí ń bú ara wọn nítorí àyè. Mò ń sáré, mo kọlu èèyàn, mi ò tọrọ gáfárà. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, wọn kò mọ nǹkan kan. Ibòmíràn tí a dé, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Lábẹ́ agboòrùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, obìnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ìwé mi sì wà lórí ẹ̀rọ náà, mo rí òǹtẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí orúkọ mi. Mo mú un kí ó tó la ẹnu. Ó gbóná láti ara ẹ̀rọ.

Obìnrin náà ní ta ni yóò san owó iṣẹ́ òun. Ó ní ọlọ́kadà kan ni ó gbé e wá, ó ti kó ẹ̀dà díẹ̀ lọ, ó ní òun ń padà bọ̀ fún ìyókù. Oníṣọ́ọ̀bù san án. Mo fi ìwé náà sínú ìgbátí ìró mi, mo dì í mọ́ra dé ilé. Títí di òní, mo mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ àwọn kan níbì kan, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rò pé yóò bínú. Ó fi ọkọ́ tí ó ń pọ́n sílẹ̀.

"O ò sọ fún mi ibi tí o ń lọ," ni ó wí.

Mo ní ẹ̀rù ni ó bà mí pé yóò ní kí n má lọ.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Kì í ṣe nítorí owó. Ojú tí wàá fi máa wò mí bí o bá ti Parakou dé ni mò ń bẹ̀rù."

A ti fẹ́ra pẹ́, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo jókòó tì í. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìdàáṣà, oníṣọ́ọ̀bù náà wá jẹ́rìí sí i. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Mi ò gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni.

Mo ti pinnu láti fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá mi pè mí. Ó ní àwọn agbẹ̀bí kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ẹgbẹ́ kékeré kan, wọ́n máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lábúlé, bí ó bá gbà láti padà síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa wọn níbi ìpàdé kan. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ èèyàn. Mo bi í pé ṣé owó wà tí a ó kọ́kọ́ san. Mo bi í pé irú ilé wo ni. Ó ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ìjọ ní Ìdàáṣà ni, gbangba ni, òun yóò sì bá mi lọ. Ọkọ mi ní òun náà yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àwa mẹ́ta ni a lọ, ọkọ mi dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹ̀ṣọ́.

Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n jókòó lẹ́yìn tábìlì. Faransé ni wọ́n fi bi mí ní ìbéèrè, Faransé mi sì ti dípẹtà. Mo ń gbọ́ àṣìṣe mi bí mo ṣe ń ṣe é. Wọ́n bi mí ní ìdí tí mo fi ń bọ̀ nísinsìnyí tí irun mi ti ń funfun. Mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n gbé wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, kí n tó mọ̀, mo ti bọ́ sínú èdè Ìdàáṣà, wọn kò sì dá mi dúró. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn, tí ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ni ó gbọ́ mi láìsí ògbufọ̀.

Ó bi mí pé bí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ wá lọ́la ńkọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé mo ti gbóyà. Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rù á tún bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì kúrò lára mi."

Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Èmi gba ọmọ fún ìgbà pípẹ́," ni ó wí, "kò kúrò lára èmi náà." Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ.

Wọ́n gbà mí. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọn yóò san, ọdọọdún, bí mo bá ń yege. Bí mo bá ṣubú nínú ìdánwò, ó tán. Bí mo bá parí, mo gbọ́dọ̀ padà wá ṣiṣẹ́ lórí òkè wa. Ọ̀gá mi ni ó mú ìròyìn náà wá, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ mi sì ń fò. Mo wọ inú ilé ìdáná, mo jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọn kò ní fún mi. Wọ́n wá fún mi tán, kò sí ohun tí mo lè sá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni mo gba yàrá sí ní Parakou. Iṣu àti gàrí ń ti ilé wá lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi obìnrin. Tántì ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá wọn. Wọ́n ń fi fóònù ya ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, èmi ń fi ọwọ́ dà á kọ, olùkọ́ sì máa ń nù ún kí n tó dé àárín. Nígbà tí ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ dé, mo ka ìbéèrè, mo tún un kà, mo rí i pé mo mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi kò sì gbé. Òógùn ń kán sórí ìwé. Èsì tí mo gbà kò ṣeé fi han ènìyàn.

Mo di ẹrù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dé ibùdókọ̀, mo rí ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìdàáṣà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù kí ó kún. Mo pe ọkọ mi pé mò ń bọ̀. Ó bi mí pé ṣé ara mi kò dá. Mo ní ó dá. Ó bi mí pé ṣé wọ́n lé mi ni. Mo ní rárá. 

"Ọkọ̀ ọ̀la ṣì wà," ni ó wí. "Lọ sùn lónìí. Bí ó bá ṣì wù ọ́ lọ́la, wọ̀ ọ́ kí o máa bọ̀. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

Mo padà sí yàrá opó náà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, wọ́n ní kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ara wa. Àwọn ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ rẹ̀ mọ́ apá, mo sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, mo ń fi hàn wọ́n. Mi ò rántí ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi kàwé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ka Faransé fún mi, èmi ń sọ bí ohun tí wọ́n kà ṣe ń rí ní ilé ìgbẹ̀bí fún wọn.

Mo yege lọ́dún àkọ́kọ́, mo yege lọ́dún kejì, kò sì sí ọ̀kan nínú èsì náà tí mo fi ojú ara mi wò lójú pátákó tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì ni mo máa ń rán. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀, màá máa wo ẹsẹ̀ wọn, bóyá wọ́n ń sáré tàbí wọ́n ń fà á.

Nígbà tí ó di ọjọ́ èsì ọdún ìkẹyìn, ọkọ mi wá sí Parakou láìsọ fún mi. Mo jí, mo sì bá a níwájú ilé opó náà, ó wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, ó gbé àpò kajú kan lọ́wọ́. Ó ní òun ni yóò lọ wò ó. Ọkọ mi kò lọ sí ilé ìwé. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sórí ìwé fún òun, ó wò ó pẹ́, ó ká a pọ̀, ó fi í sí àpò, ó sì jáde.

Mo jókòó lórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà. Opó náà gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó tutù lọ́wọ́ mi.  Mo rò ó pé bí orúkọ mi kò bá sí níbẹ̀, kí ni mo máa sọ fún ọ̀gá mi, kí ni mo máa sọ fún ìyá arúgbó tí ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Mo rí ọkọ mi tí ó ń bọ̀ lókèèrè. Ìrìn rẹ̀ kò yára, kò sì falẹ̀, bí ó ṣe máa ń ti oko dé gan-an ni ó ń rìn. Mi ò lè ka ohun kankan lára rẹ̀.

Ó dé, ó jókòó, ó yọ ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. Ó ní òun fi í wé gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun rí i, òun sì tún ní kí ọmọbìnrin kan tí ó dúró níbẹ̀ kà á sókè fún òun.

"O wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ọmọbìnrin náà ní o yege."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní bóyá ẹlòmíràn ni, bóyá ọmọbìnrin náà kò kà á dáadáa, bóyá ti àwọn tí ó ṣubú ni ó wò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà lọ wò ó.

Kò bá mi jiyàn. Ó ká ìwé náà, ó fi í sí àpò, ó sì padà lọ.